Bí ẹ ṣe máa wọn ọtí tí eku mu kí ẹ tó dárúkọ dopamine

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú eku ní yàrá ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa ọpọlọ a máa bi mí léèrè receptor D2, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń gba iṣẹ́ tí dopamine ń jẹ́, kí ẹ tó bi mí léèrè ìgò. Ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ìgò méjì ni: omi lásán nínú ọ̀kan, ọtí nínú èkejì, kí eku fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú. Láti ìgbà ayé olùwádìí Curt Richter ní Baltimore, ní 1940, ni wọ́n ti ń fi ìgò méjì wo èyí tí eku fẹ́.

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìtọ́jú ẹranko kí ẹ tó fọwọ́ kan eku kankan. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àgò tirẹ̀, torí bí méjì bá wà pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó mu. Ẹ po ethanol, ìyẹn ọtí ponbele, mọ́ omi, milílítà 10 nínú 100. Ẹ wọn ìgò méjèèjì kí ẹ tó gbé wọn kọ́, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn wákàtí 24. Òru ni eku ń mu jù.

Kí àgò òfo kan wà láàárín wọn, tó ní ìgò méjì bíi ti àwọn yòókù. Èyí tó bá kán dànù níbẹ̀ lẹ ó yọ kúrò nínú ti gbogbo wọn. Ká ní ìgò ọtí fi gíráàmù 22 fúyẹ́, tí ti àgò òfo sì fi 2 fúyẹ́: eku yẹn mu nǹkan bíi milílítà 20. Ethanol inú rẹ̀ jẹ́ milílítà 2. Milílítà ethanol kan wúwo tó gíráàmù 0.789, àpapọ̀ wá di gíráàmù 1.58. Bí eku náà bá jẹ́ gíráàmù 400, ìyẹn kílò 0.4, ẹ fi 0.4 pín in, ẹ ó rí gíráàmù ethanol 3.95 fún kílò kan. Àwọn eku tí wọ́n ń pè ní P, tí wọ́n fi ìran bí ìran ṣà ní Indiana nítorí ìfẹ́ ọtí, ń mu ju gíráàmù 5 lọ fún kílò kan lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àti omi wà níwájú wọn. Receptor D2 wọn sì kéré ju ti NP, àwọn tí wọ́n ṣà torí pé wọn ò fẹ́ ọtí.

Ẹ máa pààrọ̀ apá tí ìgò wà lójoojúmọ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti jìyà rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, apá òsì ni mo ń gbé ọtí sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Eku kan ń mu bí ẹni pé òun ló ni ilé ọtí. Ọjọ́ tí mo gbé ọtí sí apá ọ̀tún, omi tó wà lósì ló lọ ń mu. Apá òsì ló fẹ́, kì í ṣe ọtí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣòfò, ìyà tí àwọn eku náà jẹ nínú àgò àdáwà náà sì ṣòfò pẹ̀lú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ó wá kan ọpọlọ. Dopamine ni sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì. Receptor ni etí tí èkejì fi ń gbọ́. Ọtí a máa mú kí dopamine pọ̀ ní nucleus accumbens, nísàlẹ̀ iwájú ọpọlọ. Ní yàrá ìwádìí Brookhaven ní New York, Peter Thanos, Nora Volkow àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi kòkòrò àrùn tí wọ́n ti sọ di aláìléwu gbé jíìnì D2 wọ ibẹ̀ gan-an. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé D2 fi ìdá 52 nínú 100 lé sí i, ọtí tí àwọn eku tó fẹ́ràn rẹ̀ ń mu sì fi ìdá 64 dínkù. Nígbà tí D2 padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọtí náà padà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń mutí, gbogbo ẹbí ló ń pè é ní aláìnítìjú. Mo ka ìwádìí yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí i.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ sọ pé D2 kékeré ní í sọni di ọ̀mùtí. Ní 1998, ní Oregon, àwọn eku kéékèèké (mouse) tí kò ní D2 rárá mu ọtí kéré sí àwọn tó ní in.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi oògùn tí wọ́n ń pè ní raclopride dí D2, ẹ kọ́kọ́ fún eku náà ní abẹ́rẹ́ omi iyọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ lásán ló dẹ́rù bà á. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi omi ṣúgà rọ́pò ọtí lábẹ́ oògùn kan náà. Bí ṣúgà náà bá dínkù, kì í ṣe ọtí nìkan loògùn náà bá jà. Ẹ wo ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí raclopride lè mú kí eku lọ́ra débi tí kò fi ní dé ìdí ìgò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ láìgún un lábẹ́rẹ́, ẹ máa wọn ìgò lọ láràárọ̀ títí ọtí rẹ̀ yóò fi padà sí bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀.