Bí Mo Ṣe Sin Aáyán Madagásíkà Títí Wọ́n Fi Bímọ

Aáyán tí mo ń sìn nílé mi ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe irú èyí tó ń sá kiri ilé ìdáná. Ti erékùṣù Madagásíkà ni, Gromphadorhina portentosa ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò ní ìyẹ́ rárá, kò sì lè fò. Èyí tó bá ti dàgbà tán máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Tẹ́ ẹ bá gbé e, yóò ti afẹ́fẹ́ jáde láti inú àwọn ihò tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, yóò dún "ṣìììì" bí ejò. Onílé wa ò gba ajá, kò gba ológbò, ọmọ mi obìnrin sì ń fẹ́ ohun ọ̀sìn tí yóò máa tọ́jú fúnra rẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ra ike ńlá onídèérí. Mo gé àárín ìdérí rẹ̀, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin tó ní ihò tín-ín-rín bò ó, kí atẹ́gùn lè wọlé kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ má sì lè jáde. Krétì ẹyin onípáálí ni mo tò sínú rẹ̀ lóòró, kí ìgbẹ́ wọn lè máa jábọ́ sílẹ̀. Àwọn aáyán yìí lè gun gíláàsì, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ike, nítorí náà mo fi fasilíìnì pa etí ike náà yí po láti inú, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Tí ẹsẹ̀ wọn bá débẹ̀, yíyọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ooru ni olórí. Ẹni tó bá fún wọn ní oúnjẹ ọba nínú yàrá tútù kò ní rí ọmọ. Wọ́n lè wà láàyè ní nǹkan bí 20°C, àmọ́ ìbímọ á falẹ̀ tàbí kó dúró pátápátá. Mo lẹ ẹní iná, irú èyí tí àwọn tó ń sin alángbá máa ń lò, mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ike náà, mo so ó mọ́ thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru, mo fi í sí 28°C. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni, kí èyí tí ooru bá mú jù lè rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Akọ ní kókó méjì bí ìwo lẹ́yìn orí, ọ̀rùn abo sì tẹ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abo ni mo mú pọ̀ jù, torí àwọn akọ a máa kan ara wọn nítorí àyè.

Oúnjẹ wọn pín sí gbígbẹ àti tútù. Oúnjẹ ajá ni mo máa ń lọ̀ kúnná fún wọn, ó sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, pàápàá nítorí àwọn ọmọ tó ń dàgbà. Fún tútù, mo ń gé kárọ́ọ̀tì, ápù, ewé lẹ́tíùsì, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n dáadáa. Kò sí èyí tí mi ò kọ́kọ́ fọ̀, torí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí oko lè pa gbogbo wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò gbọ́dọ̀ ṣú bá àjẹkù tútù nínú ike kí ó má bàa bu. Owú tí mo rẹ sómi ni wọ́n ti ń mu omi, nítorí ọmọ wọn lè kú sínú àwo omi. Àwọn àgbà ní ó wu aáyán kó jó, adìyẹ ni ò jẹ́. Lálẹ́ tí iná bá kú, kò sí adìyẹ níbí, gbogbo wọn á sì tú jáde wá jẹun.

Abo kì í yé ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Inú ara rẹ̀ ló ń gbé àpò ẹyin náà sí fún nǹkan bí oṣù méjì, kó tó wá bí àwọn ọmọ láàyè, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Funfun báláú ni wọ́n ń jáde, wọ́n á sì dúdú láàárín wákàtí díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jí ọmọ mi lóru kó wá wò ó. Ìgbà mẹ́fà ni ọmọ aáyán máa ń bọ́ awọ kó tó dàgbà, funfun ló sì ń rí nígbàkúùgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ. Kò ṣàìsàn o! Ara rẹ̀ ló rọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Awọ tó bọ́ náà, yóò jẹ ẹ́.

Ẹ fọwọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé wọn. Tí ẹnì kan nílé bá ní asthma, àìsàn tó máa ń mú kí mímí nira, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìgbẹ́ aáyán àti awọ rẹ̀ lè fa ìnira fún irú wọn. Nígbà tí tiwa pọ̀ tó, mo ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, mo dín ooru kù sí 22°C. Ẹ má tú wọn síta láéláé.