Gáàsì kò lè ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ṣọ́ọ̀kù iwájú ọkọ̀ akókùúta

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ọyẹ́ mú gan-an, wọ́n pè mí láti Iléṣà pé kí n wá wo ọkọ̀ akókùúta kan lọ́nà Ìpéríndó. Dírẹ́bà rẹ̀ ní bí òun bá ti ru òkúta, tí táyà iwájú sì kó sí kòtò kékeré, òun máa ń gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, eyín òun á sì pàdé. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ náà wà lófìfo, iwájú rẹ̀ ga, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù méjèèjì na ọrùn bíi lékeléke. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí á ní kò sóhun tó ṣe é. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń fún un ní gáàsì o." Oṣù méjì ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fi ọ́ìlì kún un rí.

Èmi náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí n tó kan ìyókù.

Ṣọ́ọ̀kù iwájú àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí kò jọ ti tírélà. Kò sí sípíríǹgì onírin nínú rẹ̀. Ohun méjì ló wà nínú ìgò irin yẹn: ọ́ìlì àti gáàsì náítírójìn. Gáàsì ló ń ṣe sípíríǹgì, torí ó ṣeé fún pọ̀, bí a bá sì dẹwọ́ fún un, á tún ràn padà. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gba ojú ihò tóóró kọjá, kí ọkọ̀ má baà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó tún ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: ó ń gba àyè nínú ìgò náà, kí àyè tó kù fún gáàsì lè mọ níwọ̀n.

Ẹ wo ọkọ̀ akókùúta Caterpillar 777G. Ó ń ru nǹkan bí tọ́ọ̀nù 90. Bó bá kún, òun àti ẹrù rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 160, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo yẹn ló sì ń bọ́ sí iwájú, níbi tí táyà méjì péré wà. Lára ọkọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀kù iwájú kan náà yìí ni ẹsẹ̀ táyà ń yí lé lórí nígbà tí dírẹ́bà bá ń yí sítíárín. Nítorí náà, bí ó bá bàjẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìn dírẹ́bà nìkan ló máa dùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀ náà kò ní dájú mọ́.

Bí síìlì, ìyẹn rọ́bà tó dí ẹnu ìgò yí ọ̀pá ká kí ọ́ìlì má baà jáde, bá ń jò, ọ́ìlì á máa dínkù, iwájú ọkọ̀ á máa wálẹ̀. Ojú á rí i pé ó ti wálẹ̀, ọwọ́ á yá sí gáàsì, ọkọ̀ á sì gbéra. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Gbogbo àyè tí ọ́ìlì fi sílẹ̀, gáàsì ló gbà á. Àyè gáàsì ti wá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti rọ̀ jù. Lófìfo, ọkọ̀ á dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti da òkúta sí i, gáàsì á fún, á fún, kò ní sí ọ́ìlì tó máa gba ọ̀pá dúró lọ́nà, irin á sì lọ gbá irin. Òun ni "gbàù" tí dírẹ́bà yẹn ń gbọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, ṣáásí ló máa là, owó tí wọ́n fi ń jó ṣáásí ọkọ̀ yẹn kì í sì í ṣe owó síìlì.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà wá wo ẹnu síìlì pẹ̀lú mi. Eruku pupa ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti po pọ̀ mọ́ ọ́ìlì níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó nípọn bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọkọ̀ báyìí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wá sílíńdà gáàsì kiri. Bí ọ̀pá bá gbẹ, tó ń dán, tí ọkọ̀ sì wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsì ló ń jò lẹ́nu fáàfù. Omi ọṣẹ á fi hàn yín. Bí ọ̀pá bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ má fi gáàsì bò ó mọ́lẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tó kún ọ́ìlì jù. Ọkọ̀ yẹn á le bí àpáta, dírẹ́bà á máa rò pé orí búlọ́ọ̀kù lòun jókòó lé.

Àṣìṣe kejì ni pé wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí i bí ẹni rọ omi sí rédíétọ̀. Ṣọ́ọ̀kù kò ní ojú ìlà tí a fi ń mọ̀ pé ó kún. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ iye ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ ni kí a tú gbogbo gáàsì sílẹ̀, kí ọ̀pá wọlé títí yóò fi gúnlẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù irin tí ìwé ọkọ̀ náà sọ gíga rẹ̀, kí a wá máa fi pọ́ǹpù ti ọ́ìlì wọlé láti ojú fáàfù kan títí yóò fi máa jáde lójú kejì láìní èéfọ́, ìyẹn ìhó. Ẹ ní sùúrù níbi èéfọ́ yìí. Bí ọ́ìlì tó ń jáde bá ṣì ń hó bí ọṣẹ, gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ tún tì í. Mo ti rí ẹni tó dá iṣẹ́ dúró ní ìhó àkọ́kọ́ torí ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tún un ṣe.

Méjèèjì ni kí ẹ ṣe pa pọ̀, ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ bá ṣe ọ̀kan, tí ẹ fi èkejì sílẹ̀ torí pé òun kò jò, ọkọ̀ á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ti kún. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá sì dárúkọ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́ kù sínú kẹ́ẹ̀gì. Síìlì kì í gba gbogbo ọ́ìlì lára.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ wá kù, ọ́síjìn. Nínú ọgbà iṣẹ́ wa, mẹkáníìkì àti jórinjórin jọ ń gbé ni. Ibi tó jìn ni wọ́n ti ń gbé náítírójìn wá, ṣùgbọ́n sílíńdà ọ́síjìn jórinjórin wà ní ìgbọ̀nwọ́ méjì sí wa. Bí náítírójìn bá tán, tí ẹni tó lọ rà á kò tíì dé, ẹnìkan á ní, "Ẹ jẹ́ ká fi èyí dì í mú ná, gáàsì ṣáà ni gáàsì." Mo bẹ̀ yín ní orúkọ àwọn ọmọ yín, ẹ má ṣe é. Ọ́síjìn tó bá pàdé ọ́ìlì nínú ìfúnpá kì í dúró de ìṣáná kó tó gbiná. Ìgò irin yẹn á di bọ́ǹbù lábẹ́ ojú yín.

Afẹ́fẹ́ kọ́mpúrẹ́sọ̀ kò sàn jù ú lọ. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pílọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ tí písítìn fún pọ̀ títí tó fi gbóná ni dísù ń bá pàdé tó fi ń jó. Inú ṣọ́ọ̀kù náà, písítìn wà níbẹ̀, ọ́ìlì wà níbẹ̀. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kún un. Ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn á sì tún máa jẹ irin nínú.

Ẹ má fi ọ̀dà ara sílíńdà mọ èyí tí í ṣe náítírójìn. Lábẹ́ ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, gbogbo ara sílíńdà ọ́síjìn ni wọ́n ń kùn dúdú. Lábẹ́ ètò Yúróòpù tó rọ́pò rẹ̀, èjìká sílíńdà náítírójìn ló dúdú, ti ọ́síjìn funfun. Àtijọ́ àti tuntun wà lójà wa pọ̀. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ sílíńdà ni kí ẹ kà. Bí kò bá sí ìwé lára rẹ̀, ẹ dá a padà. Bí ẹnu rẹ́gúlétọ̀, ohun tó ń dín ìfúnpá tó ń jáde kù, kò bá bá ẹnu sílíńdà mu, ẹ má lọ bá ẹni tó ń gé irin pé kó ṣe ẹnu mìíràn fún yín. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí wọ́n má baà bára mu ni. Ẹ má sì so sílíńdà mọ́ ṣọ́ọ̀kù láìsí rẹ́gúlétọ̀, torí ìfúnpá inú sílíńdà tó kún lè lé ní 2,000 psi.

Náítírójìn fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Bí ẹ bá ń tú u sílẹ̀ nínú kọ̀ǹténà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, yóò lé afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí jáde, èèyàn á sì ṣubú láì mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa ṣe é.

Nípa títú gáàsì: nọ́ọ̀tì kékeré orí fáàfù ni kí ẹ dẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wọ gílàsì ojú. Àwọn kan ń fi sípánà mú ìdí fáàfù, èyí tó dè é mọ́ ara ṣọ́ọ̀kù, nígbà tí ìfúnpá ṣì wà nínú. Ìdí fáàfù tó bá jáde báyẹn, ìbọn ni. Kí géèjì tó wà ní òdo má tàn yín jẹ: èéfọ́ ọ́ìlì lè dí ojú ihò. Ẹ dúró, ẹ tún ṣí i wò.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí gáàsì bá ń jáde, ọkọ̀ kì í wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jókòó. Síìlì á di ọ̀pá mú. Ẹ ó máa gbọ́ "ṣíììì", ọkọ̀ kò ní mì, ẹ ó máa rò pé ó ti wálẹ̀ tán. Lẹ́ẹ̀kan náà, yóò já wálẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan tó ki ọwọ́ sí àárín ṣáásí àti táyà láti mú àkísà tó já bọ́. Mo fa aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ yọ ni ọkọ̀ já. A kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, a kàn ń wo àkísà yẹn níbi tí irin ti tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ń fi gáàsì kún un náà, bẹ́ẹ̀ ló rí: á dì, á dì, á wá fò sókè lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí lágbègbè táyà. Ẹ fi nǹkan dí táyà ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ wà lófìfo lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi ìka wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò nígbà tí ìfúnpá wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jáde lójú ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ á kéré, kò ní dùn púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹran ara á máa jẹrà lábẹ́. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má lọ fi ìpara pa á nílé. Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà níbí. Ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ló wọlé, kì í ṣe pé nǹkan gé yín.

Ọ̀rọ̀ wíwọn gíga kò gùn. Àwọn èèyàn máa ń wọ̀n ọ́n ní gbàrà tí ọkọ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Gáàsì ti gbóná nígbà náà. Náítírójìn tí ìfúnpá rẹ̀ wà ní 100 bar ní dígírì 27 ti Celsius, bí àyè rẹ̀ kò bá yí padà, á di nǹkan bí 111 bar ní dígírì 60. Ẹni tó tú díẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án torí pé ọkọ̀ ga jù, á bá a nílẹ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wà á lọ síwájú díẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì, kí síìlì lè tú ọ̀pá sílẹ̀, kí ẹ tó fi rúlà sí i. Ìwé ọkọ̀ ni yóò sọ iye tó yẹ fún yín. Ẹ má ya ti ọkọ̀ mìíràn lò.

Ọ̀pá kúrómù, ẹ má fi rẹ́ńṣì páìpù mú un, kí jórinjórin má sì ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀ láìfi nǹkan bò ó. Ìta iná kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á máa ya síìlì bí abẹ. Ẹ má jẹ́ kó jó ara ṣọ́ọ̀kù rárá nígbà tí gáàsì wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀nà Ìpéríndó yẹn, ọjọ́ méjì la lò lórí rẹ̀. A pààrọ̀ síìlì, a ti ọ́ìlì wọlé lọ́tùn-ún lósì títí èéfọ́ fi tán, a fi náítírójìn gbé e dé gíga tó yẹ. Ó rẹlẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin náà rò pé a ti bà á jẹ́. Mo fún un ní ọ̀dà funfun, mo ní kó kọ gíga ọ̀tún, gíga òsì àti déètì sára ṣáásí. Wọ́n di òkúta lé e. Dírẹ́bà lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní láti oṣù tó kọjá, òní lòun kọ́kọ́ gbọ́ rédíò òun nínú ọkọ̀ yẹn.