Bí A Ṣe Ń Fi Kàrátè Kó Ara Wa Níjàánu, Tí Kò Sì Ní Í Já Lóṣù Kẹta

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, gbọ̀ngàn tí a ti ń kọ́ kàrátè máa ń kún débi pé a kì í rí àyè na ẹsẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kẹrin, ìlà kan péré ló máa ń kù. Àwọn tó lọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ pé àwọn ò wá kọ́ ìjà, bí ènìyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu làwọn wá kọ́. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń bá olùkọ́ wa tọ́ àwọn tuntun sọ́nà, mo sì ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ wọ́n. Inú ilé wọn ni, láàárọ̀, lọ́jọ́ tí kò sí ẹni tó ń ka "ichi, ni, san", ìyẹn ení, èjì, ẹ̀ta lédè Japan, sí wọn létí.

Shotokan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka kàrátè, lèmi ń ṣe, òun ni màá sì fi ṣàlàyé. Bó bá jẹ́ jùdóò tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1882 lẹ fẹ́, tàbí gídígbò tiwa, ọ̀nà náà ò yàtọ̀.

Ibi ìkọ́ṣẹ́ àti aṣọ

Ẹ wá ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ jókòó wòran lọ́jọ́ kan. Ẹ má wo ẹni tó ń ta ẹsẹ̀ sókè jù, ẹ wo ẹni tó ń gbálẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn oníbẹ́líìtì dúdú náà bá ń mú ìgbálẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọdé nìkan ni wọ́n ń rán, ẹ máa lọ ibòmíràn. "Sensei" tí a ń pe olùkọ́, ohun tó túmọ̀ sí ni ẹni tí a bí ṣáájú. Ẹni tí a bí ṣáájú ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má ra aṣọ funfun lóṣù àkọ́kọ́. Ṣòkòtò eré ìdárayá àti ẹ̀wù tó ti gbó ti tó. Tó bá yá, ẹ yẹ òkìrìkà wò dáadáa: mo ti rí aṣọ kàrátè olówùú tó nípọn níbẹ̀, tó lálòpẹ́ ju tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Ẹ gbé omi kaná

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "aago márùn-ún ààbọ̀". Aago ò lè jí ẹni tí kò fẹ́ jí. Nǹkan tí ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ so ó mọ́. Èmi máa ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, kí omi náà tó hó ni mo sì máa ń ṣe tèmi. Nítorí náà, ẹ gbé omi kaná. Ìkòkò ni kí ẹ lò, ẹ fi kẹ́tùlù oníná sílẹ̀, ìyẹn yára jù. Ìkòkò omi tó kún dáadáa lórí gáàsì tí ẹ rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ á fún yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ń fi omi tútù wẹ̀, kó gbé omi ògì kaná.

Ẹ tẹrí ba sí ògiri. Ẹ dúró ní kiba-dachi, ìdúró ẹni tó gun ẹṣin, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí orúnkún má ṣe wọnú o, ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá kọjú sí ni kí òun náà kọjú sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe Heian Shodan lẹ́ẹ̀mẹta. Kata kan ni, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ ìjà tí a tò tẹ̀léra, tí ènìyàn ń dá ṣe. Ìgbésẹ̀ 21 ló ní, kì í gbà tó ìṣẹ́jú kan. Tí yàrá bá há, ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ tó kàn. Ẹni tí kò ní dígí, kó fi gíláàsì fèrèsé wo ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ tún tẹrí ba, ó tán.

Oṣù kẹta

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Lóṣù àkọ́kọ́, gbogbo ara á máa ro yín, inú yín á sì máa dùn sí i. Lóṣù kejì, ẹ ti mọ kata náà sórí. Lóṣù kẹta, kò sí ìrora mọ́, kò sí tuntun mọ́, aládùúgbò ò sì béèrè ohun tí ẹ ń ṣe mọ́. Á wá sú yín. Ọjọ́ tó bá sú yín yìí ni ìkóra-ẹni-níjàánu ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí tí ẹ ti ṣe ṣáájú, ìfẹ́ nǹkan tuntun ló ń gbé yín ṣe é.

Ohun tí mo ń rí tí àwọn ènìyàn ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á fi kún un. Wọ́n á wo fídíò kan lálẹ́, inú wọn á gbóná, wọ́n á ní láti ọ̀la lọ, wákàtí kan ni. Kì í pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣẹ́jú kankan kún un kí oṣù mẹ́fà tó pé, bó ti wù kó máa wù yín tó. Àwọn mìíràn á sá lọ sí tàìkondó nítorí pé kata ti sú wọn. Tàìkondó náà ní oṣù kẹta tirẹ̀.

Èyí tó burú jù ni sísan gbèsè. Wẹ́dà kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọlúàbí ènìyàn. Tí iṣẹ́ bá gbà á láàárọ̀ ọjọ́ márùn-ún, á ṣe wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé láti fi dí i. Orúnkún rẹ̀ wú, ó ní òun máa sinmi, kò padà wá mọ́. Ó ṣì ń dùn mí, torí pé mo rí i, mi ò sì tètè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá ti lọ ti lọ, ẹ má san án padà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ méjì léra. Lọ́jọ́ tí ibà bá gbé yín dè, tàbí tí ẹ ò sùn mọ́jú, ẹ dìde, ẹ tẹrí ba sí ògiri lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà sórí ibùsùn. Ẹ ti ṣe ti ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ fa ìlà kan sínú ìwé. Ìwé eléwé ogójì tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe fóònù: ẹni tó bá ṣí fóònù láàárọ̀, WhatsApp ló máa gba àárọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oògùn sísú ni kí ẹ máa wo nǹkan kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ yìí, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn, ṣé ó ń gbéra nílẹ̀? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú, ṣé ó ń ṣáájú ara yí padà? Gichin Funakoshi, ẹni tó mú kàrátè láti Okinawa lọ fi hàn ní Tokyo lọ́dún 1922, olùkọ́ iléèwé ni. Alẹ́ ló máa ń lọ kọ́ṣẹ́ nínú àgbàlá Anko Azato, olùkọ́ rẹ̀. Ó ní kata kan náà lòun ń ṣe lálaalẹ́, ó ń di oṣù mọ́ oṣù, àfi tí ọkàn olùkọ́ bá balẹ̀ kí wọ́n tó fún òun ní òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kó jáde kúrò ní yàrá

Tí oṣù kẹta bá ti kọjá, ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo nínú ìwà yín, kí ẹ so ó mọ́ kata. Ìbínú ni mo so tèmi mọ́. Funakoshi fi lélẹ̀ pé oníkàrátè kì í ṣáájú nawọ́, ẹ sì wo Heian Shodan, ìdènà ló fi bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ mi bá ṣe ohun tó bí mi nínú, màá kó ọwọ́ mi méjèèjì síwájú bí ìgbà tí a bá ní "yoi", ìyẹn "ẹ múra", màá mí lẹ́ẹ̀kan, kí n tó dá a lóhùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ danfo pẹ̀lú, lọ́jọ́ tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá kọ̀ tí kò fún yín ní ṣéńjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, omi á hó nígbà tí ó bá ku kata kan. Ẹ pa iná, ẹ bo ìkòkò náà, kí ẹ ṣe ẹ̀kẹta parí kí ẹ tó bu omi.