Ewì ìtàn Ṣáínà lórí ọgbọ́n àti ipá: bí a ṣe ń kà á, bí a ṣe lè kọ irú rẹ̀ ní Kétu

Àwọn akéwì Ṣáínà àtijọ́ ní irú ewì kan tí wọ́n ń pè ní yongshi: akéwì á mú ọ̀rọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́, á sì dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo Ẹ̀fẹ̀ mọ́jú ní Kétu ti mọ ọgbọ́n náà: ẹni àná là ń dárúkọ, ẹni òní ló ń gbọ́ ìbáwí. Ewì mẹ́ta la ó lò níbí, ọkùnrin kan náà ni gbogbo wọn dá lé, Xiang Yu, ọ̀gágun Ṣáínà àtijọ́ kan tó di ọba. Akéwì mẹ́ta wo ikú kan, ẹnu wọn ò kò. Ibi tí ẹnu wọn ò ti kò yìí ni kí ẹ dúró sí. Ẹni tó bá ti pinnu kó tó kàwé pé "ọgbọ́n ju agbára" ni gbogbo wọn ń sọ yóò ṣi ó kéré tán ọ̀kan kà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìtàn náà

Ewì wọ̀nyí kúrú, wọn kì í sọ ìtàn, wọ́n gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Sima Qian, òpìtàn Ṣáínà àtijọ́, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, Shiji. Ẹni tó ń ka Faransé lè wá ìtumọ̀ Édouard Chavannes, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé Hiang Yu ni wọ́n ń kọ orúkọ yẹn nínú ìwé àtijọ́, kó má baà wá a tì.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mú dání rèé. Nígbà èwe, Xiang Yu kọ́ ìwé, ó pa á tì. Ó kọ́ idà, ó pa á tì. Ó ní idà ò ju kéèyàn fi kojú ẹnì kan lọ, òun fẹ́ kọ́ ohun tí yóò kojú 10,000. Àbúrò bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọgbọ́n ogun, kò parí ìyẹn náà. Liu Bang, alátakò rẹ̀, sọ fún un pé ọgbọ́n lòun fẹ́ fi jà, òun ò fẹ́ fi agbára jà. Lọ́dún 202 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ká Xiang Yu mọ́ ní Gaixia. Ó fi òru já jáde pẹ̀lú 800 ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì ń dín kù títí wọ́n fi ku 28. Nígbà tó dé etí odò Yangtze ní Wujiang, ẹnì kan ti gbé ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ dè é. Ó kọ̀. Ó ní 8,000 ọmọ Jiangdong, ìyẹn agbègbè òdìkejì odò náà tó ti bẹ̀rẹ̀ ogun, ló bá òun sọdá, ẹyọ kan ò padà, ojú wo lòun fẹ́ fi wo àwọn bàbá wọn? Ó fi ẹṣin rẹ̀ ta ọlọ́kọ̀ náà lọ́rẹ, ó fẹsẹ̀ jà, ó sì pa ara rẹ̀.

Ẹ gbé ewì náà kalẹ̀, ìlà mẹ́rin mẹ́rin

Du Mu (803–852), àmì ọ̀rọ̀ méje ní ìlà kan:

Ìṣẹ́gun, ìṣubú, ológun ò lè fọwọ́ sọ̀yà;
ẹni tó gbé ìtìjú mì, tó fara da ẹ̀sín, ọkùnrin ni.
Àwọn ọmọ Jiangdong, olórí pípé pọ̀ nínú wọn;
bí wọ́n bá tún ru eruku padà wá ńkọ́, ta ló mọ̀?

Wang Anshi (1021–1086), méje bákan náà:

Ogun ọgọ́rùn-ún ti rẹ àwọn akọni, inú wọn bàjẹ́;
ìṣubú kan láàárín ilẹ̀, ó ṣòroó yí padà.
Àwọn ọmọ Jiangdong, ká tilẹ̀ ní wọ́n wà síbẹ̀,
ṣé wọ́n á gbà láti bá ọba yìí ru eruku padà?

Li Qingzhao, obìnrin tí wọ́n bí ní 1084, àmì márùn-ún péré ní ìlà kan:

Láàyè, kí o jẹ́ akọni láàárín ènìyàn;
bí o kú, kí o jẹ́ akin láàárín òkú.
Títí dòní là ń rántí Xiang Yu,
ẹni tó kọ̀, tí kò sọdá sí Jiangdong.

Nígbà tí ẹ bá ń túmọ̀ fúnra yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìyìn kún un kó lè dùn. Ewì tí àmì rẹ̀ jẹ́ 20 kò láyè fún "alágbára ńlá, akíkanjú pátápátá". Bí ẹ bá ti fi irú ẹ̀ kún un, ìdájọ́ akéwì á bọ́ sọ́wọ́ yín.

Ìlà kẹta ni ẹjọ́ ti ń yí

Ìlà méjì àkọ́kọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ìkẹta yí i, ìkẹrin já a. Ẹ wo Du Mu àti Wang Anshi: àmì mẹ́rin kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta, "àwọn ọmọ Jiangdong". Wang Anshi mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Du Mu láti fi dá a lóhùn ni.

Du Mu ń sọ ohun tí àwa náà ń sọ: akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Òun fúnra rẹ̀ kọ àlàyé sórí ìwé ọgbọ́n ogun Sunzi, ìdí nìyẹn tí kò fi ka sísá sí ojo. Wang Anshi, tó di olórí ìjọba tó sì tún òfin ìlú ṣe, kò bi Xiang Yu bóyá ó lè sá. Àwọn tó fẹ́ sá tọ̀ lọ ló bi. Lójú tiwa, òun ló rí jìnnà jù, torí Liu Bang náà sọ pé àwọn mẹ́ta lòun lò, Zhang Liang, Xiao He àti Han Xin, nígbà tí Xiang Yu ní Fan Zeng kan ṣoṣo tí kò sì mọ̀ ọ́n lò.

Ti Li Qingzhao ni wọ́n ń ṣì kà jù. Wọ́n á ní "ikú yá ju ẹ̀sín" ló ń sọ, wọ́n á sì dúró níbẹ̀. Ẹ wo ọdún tó gbé láyé. Ní 1127, àwọn Jin láti àríwá gba Kaifeng, olú ìlú, wọ́n kó ọba méjì nígbèkùn, ìyókù ààfin sì sá kọjá odò Yangtze sí gúúsù. Nígbà tí obìnrin yìí wá ń yin ọkùnrin tó kọ̀ láti sọdá odò, àwọn tó sọdá ló ń bá wí. Nítorí náà, ẹ máa kọ ọdún akéwì sí ẹ̀gbẹ́ ewì kí ẹ tó túmọ̀ ohunkóhun.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín

Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí gbogbo Kétu mọ̀, bíi ti 1886 tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ ìlú. Ẹ lo ibì kan àti ohun kan tí ojú rí. Ẹ má dárúkọ ọgbọ́n, ẹ má dárúkọ ìgboyà. Ti ìró, àwọn ará Ṣáínà ń to ohùn tó tẹ́jú àti èyí tó yí sí ara wọn. Etí Yorùbá ti mọ irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ lè parí ìlà àkọ́kọ́ sí ohùn òkè, kí ìkẹyìn wá sí ohùn ìsàlẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a kọ rèé:

Ògiri ti wó, Àkàbà Ìdènà ṣì dúró;
yàrà ti kún, ewúrẹ́ ń jẹ koríko inú rẹ̀.
Ẹ má bi mí bóyá Kétu mọ ogun jà;
ta ló kọ́kọ́ padà wá dáná sí ààrò?

Ẹ ka tiyín sókè fún àgbàlagbà tó mọ ìtàn ìlú. Bó bá ti mọ ẹni tí ẹ gbè lẹ́yìn ní ìlà kejì, ìlà kẹta ti kú. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì fi ìbéèrè tí ẹ̀yin fúnra yín ò tíì rí ìdáhùn sí rọ́pò rẹ̀.