Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Irú Adìẹ Ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ kí irú adìẹ ìbílẹ̀ wa má parun, pàápàá èyí tí ọrùn rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, tó sì ń fara da ooru dáadáa, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àkùkọ gun àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ fi àkùkọ 1 sáàárín abo 8 sí 10, kí ẹ sì mú un kúrò kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dàgbà. Bí ẹ bá ra òmíràn ní Bódìjà, inú apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni kí ẹ fi gbé e wálé. Sísọ ọ́ kọ́ sára ọ̀kadà, bí a ti ń rí i lójoojúmọ́, ìyà gbáà ni. Ẹ ya adìẹ tuntun náà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 nítorí lùkúlùkú, àrùn tó ń ràn láàárín adìẹ.