Àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí eré ìdárayá orúnkún ṣiṣẹ́ nínú ilé

Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú ara. Ìyá kan wà tí mo ń tọ́jú orúnkún wọn lórí fóònù, mo ní kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí wọ́n sì máa gbé e sókè. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Mo ti ṣe é, ọmọ mi." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi gbà wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo ní kí a pe ara wa ní fídíò, fáànù òkè àjà ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n gbé fóònù lé àpótí, mo wá rí ìró tó bo ẹsẹ̀ títí dé kókósẹ̀. Nígbà tí wọ́n ká ìró náà sókè ni mo tó rí i pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé kò nà tán, ẹran itan wọn ò sì le rárá. Gbogbo wàhálà ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, orúnkún kò jẹ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fídíò tí a kò ti ní rí orúnkún. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ yín, kó jìnnà díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti iwájú. Ẹ wọ ṣòkòtò péńpé tàbí kí ẹ ká ìró, kí ẹnì kan sì wà nítòsí.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti ìrora. Bí orúnkún bá ti ta wọ́n díẹ̀, ọ̀pọ̀ á jókòó pa, wọ́n á ní egungun ló ń lọ ara wọn. Lóòótọ́, kèrékèré tó bo orí egungun ti ń tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ẹran itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù, ìjókòó sì ń jẹ ẹran itan run. Mo máa ń bi wọ́n pé: bí 0 bá jẹ́ pé kò dùn yín rárá, tí 10 sì jẹ́ ìrora tó burú jù lọ, mélòó ni tiyín? 0 sí 2 kò léwu. 3 sí 5 ṣe é fara dà, bí ó bá ti padà sí bó ṣe wà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí ó bá ju 5 lọ, tàbí tí orúnkún wú lọ́jọ́ kejì, ẹ dín iye tí ẹ ń ṣe kù. Mo ní kí ẹ dín in kù, n kò ní kí ẹ pa á tì.

Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ gbé oògùn ìrora mì, wọ́n á wá ṣe àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn ti pa ẹnu orúnkún mọ́, kò lè sọ fún yín pé ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ máa dá lo dìkílófínàákì, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìrora yìí, lójoojúmọ́.

Ti ìdìde lórí àga ńkọ́? Ẹ má lo àga oníke tó ń yọ̀, ẹ má sì já ara yín lulẹ̀ wìì. Ẹ ti àga mọ́ ògiri, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ tó dìde, ẹ má jẹ́ kí orúnkún méjèèjì súnmọ́ra. Bí ẹ bá ń jókòó padà, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe.

Róòbù àti omi gbígbóná dára, ara á tù yín, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ ẹran itan. Ẹni tó bá sì sanra, kílò kan tó bá já lára rẹ̀ ń sọ nǹkan bíi kílò mẹ́rin kalẹ̀ lórí orúnkún ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ ń dáwọ́ dúró, wọ́n á ní àwọn ò rí ìyàtọ̀. Ó kéré tán, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, àwọn onímọ̀ físíò ní Ìbàdàn pín àádọ́ta aláìsàn orúnkún sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń wá sí ilé ìwòsàn, àwọn yòókù ń ṣe é nílé, wọ́n sì ń fi fóònù tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn tó ń ṣe é nílé kò kẹ́yìn. Nítorí náà, bí físíò bá pè, ẹ gbé e, kódà bí ẹ kò bá ṣe é lánàá.

Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá gbóná, tó pọ́n, tí ibà wà níbẹ̀. Bí ẹ̀yìn ojúgun kan bá ṣàdédé wú tó ń dùn. Bí ẹ bá ṣubú tí ẹ kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀: ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.