Bí a ṣe ń fi ẹrẹ̀ Bàrígà kọ́ ọmọ nípa ọ̀gbun òkun

Bàọ́lójì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Bàrígà. Tí a bá dé orí ẹranko inú ọ̀gbun òkun, ìyẹn kòtò tó jìn jù lọ nísàlẹ̀ òkun, àwòrán ara bọ́ọ̀dù kì í tó wọn. Ẹrẹ̀ ni mo máa ń gbé wọ kíláàsì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já yanrìn sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, omi yẹn kò mọ́. Ẹ bu yanrìn sínú ike kan, ẹ bu ẹrẹ̀ dúdú níbi tí omi ti dákẹ́ sínú ìkejì. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́, ẹ má sọ ọ́ nù, a máa lò ó.

Ẹ bu díẹ̀ nínú méjèèjì sínú ìgò ńlá, ẹ rọ omi sí i, ẹ mi ìgò náà, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Kíá ni yanrìn á rọlẹ̀. Ẹrẹ̀ kíkúnná á ṣì máa fò nínú omi títí ọmọ á fi lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ bi wọ́n pé: èwo ló máa rìn jìnnà jù lójú òkun? Ẹrẹ̀ kíkúnná ni, òun àti èérún òkú ẹ̀dá tó ń já bọ́ láti òkè ló sì ń kóra jọ sísàlẹ̀ ọ̀gbun.

Kí ló ń kó wọn jọ? Ẹ mú àrọ kẹrosíìnì, ẹ fi ẹrẹ̀ ra inú rẹ̀, ẹ fi ìka gbá a. Ẹrẹ̀ á yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọ̀gbun ni àrọ yẹn, ìmìtìtì ilẹ̀ sì ni ìka: ti Jàpáànì ní 2011 da ẹrẹ̀ púpọ̀ sínú ọ̀gbun tó wà níbẹ̀. Oúnjẹ dé fún àwọn ẹranko kan níbẹ̀, ó sì sin àwọn mìíràn láàyè. Kùkúḿbà òkun (ẹranko ni, kì í ṣe ewébẹ̀) a máa jẹ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kànìnkànìn òkun (ẹranko ni òun náà) ní tirẹ̀, ara òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun ló sábà ń lẹ̀ mọ́.

Òórùn ẹyin wá ńkọ́? Ọ́síjìn ti tán nínú ẹrẹ̀ yẹn ni, ìdí nìyẹn tí gáàsì olóòórùn fi ń jáde nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní 2025, àwọn onímọ̀ Ṣáínà kéde pé àwọn rí aràn àti ìṣáwùrú ní ibi tó jìn ju mítà 9,500 lọ nínú ọ̀gbun Kuril-Kamchatka, ní ẹ̀bá Rọ́ṣíà. Bakitéríà tó ń lo gáàsì olóòórùn yẹn àti gáàsì mìíràn tí ń jẹ́ mítéènì ló ń bọ́ wọn.

Ẹ fi asẹ́ sẹ́ èyí tó kù, kí àwọn ọmọ ka ohun tó bá ń rìn. Ẹ dá ẹrẹ̀ padà sí ọ̀sà. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà wa ti kún tó.